Bí A Ṣe Ń Kó Wáyà Wọ Àpótí Bírékà Onírin ní Ìlú Ọba

Ihò ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Àpótí bírékà onírin, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ní Ìlú Ọba ń pè ní consumer unit, kì í fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà títí dìgbà tí a bá lu ihò sí i lára. Bí a bá ti lu ihò, ohun mẹ́ta ló dé: etí irin tó lè gé ara wáyà, àlàfo tí ọwọ́ iná tàbí ìka ọmọdé lè gbà kọjá, àti òrùka irin tó yí wáyà ká, tó lè gbóná bí a bá pín láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) àti níútírà (èyí tí iná ń gbà padà) sí ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó mú dírílì, iṣẹ́ rẹ̀ á mọ́, á sì ṣeé fọkàn tán. Ẹni tó bá ń wá ẹwà nìkan lè to wáyà gún régé kí àpótí náà ṣì léwu.

Tẹ́lẹ̀ rí, ike ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àpótí yìí nínú ilé gbígbé. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin iṣẹ́ iná, BS 7671:2008, tó jáde ní 2015, ló yí i padà. Ó ní láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2016, ohun tí kò lè jó ni kí a fi ṣe àpótí bírékà inú ilé, tàbí kí a gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò lè jó. BS 7671:2018 tó tẹ̀ lé e kò yí òfin náà padà. Iná tó ń ṣẹ́ yọ láti inú àpótí oníke ló fà á: bí sikúrù kò bá fún wáyà mọ́ra dáadáa, ojú ìdè náà á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, ike tó wà nítòsí á sì gbaná. Irin kò ní kí ojú ìdè má dẹ̀ o. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sé iná mọ́ inú àpótí. Nítorí náà, ihò ńlá tí a ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn tàbí lókè àpótí sọ irin náà di asán.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó kọ́ṣẹ́ ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, páìpù la bá lẹ́nu iṣẹ́. Wáyà ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń fà gba inú páìpù, páìpù náà ló sì ń dáàbò bò ó títí dé ẹnu àpótí. Ní Ìlú Ọba, twin and earth ló pọ̀ jù nínú ilé: kébù pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú, tí láìfù àti níútírà tó ní awọ, pẹ̀lú ẹ́ẹ̀tì (wáyà ààbò tó so mọ́ ilẹ̀) tí kò ní awọ, wà nínú rẹ̀. Kò sí páìpù tó ń gbà á lọ́wọ́ etí irin. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ihò fi gba ìtọ́jú ju bí a ti mọ̀ ọ́n nílé lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ní England àti Wales, òfin Part P sọ pé pípààrọ̀ àpótí bírékà jẹ́ iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ẹgbẹ́ bíi NICEIC tàbí NAPIT lè fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀; ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ bá building control, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ilé wò, kó tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni. Onílé tó bá ń ka èyí lè fi mọ bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún òun dára, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Bí ẹ bá pa main switch, ìyẹn súìṣì ńlá tó ń pa gbogbo bírékà inú àpótí, àwọn wáyà ńlá méjì tó ti ara mítà wá, tí wọ́n ń pè ní tails, kò kú. Iná wà lára wọn síbẹ̀síbẹ̀. Fíúsì iléeṣẹ́ iná tó wà ṣáájú mítà nìkan ló lè pa wọ́n, fíúsì yẹn kì í sì í ṣe tiwa láti yọ. Ẹ ní kí iléeṣẹ́ tó ń ta iná fún ilé náà wá pa á, tàbí kí wọ́n fi súìṣì ìpaná sáàárín mítà àti àpótí. Súìṣì yìí tọ́ sí owó tí yóò náni, nítorí ẹni tó bá tún wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú yóò rí ibi tó lè pa iná láìbẹ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ẹ yẹ iná wò pẹ̀lú tester ẹlẹ́nu méjì: ẹ kọ́kọ́ dán tester náà wò lára ibi tó dájú pé iná wà, ẹ wá dán ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ wò, kí ẹ sì padà dán an wò lára ibi àkọ́kọ́. Tester tó bá kú láàárín méjì yẹn ló ń pa oníṣẹ́.

Ibi tí kébù máa gbà wọlé

Ẹ má tíì lu nǹkan kan. Ẹ ka kébù, kí ẹ kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn lára: ibi ìdáná, sọ́kẹ́ẹ̀tì òkè, iná ìsàlẹ̀, shower. Kí ẹ wá pinnu ipò bírékà. Àwọn tó ń gbé ẹrù iná tó pọ̀, bíi shower àti sítóòfù, ni ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ main switch. Àwọn tó kéré ló máa wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìgbà tí ipò bírékà ti dájú ni ẹ tó lè mọ ipò ihò, torí pé kébù tó gba ihò tó kọjú sí bírékà rẹ̀ wọlé kò ní gun ẹnikẹ́ni lórí nínú àpótí. Ìdajì ìdọ̀tí tí à ń rí nínú àpótí ilé onílé, ìta ló ti bẹ̀rẹ̀: kébù shower wọlé ní apá òsì, bírékà rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún, ó sì fi ara rẹ̀ wọ́ gbogbo yòókù kọjá.

Òfin kò fojú kan náà wo gbogbo ẹ̀gbẹ́ àpótí. Orí àpótí tí ọwọ́ lè tó gbọ́dọ̀ jẹ́ IP4X, ìyẹn ni pé wáyà tó nípọn tó milimítà 1 kò gbọdọ̀ lè wọlé. Ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ jẹ́ IP2X: ohun tó fẹ̀ tó milimítà 12.5, tó jẹ́ ìwọ̀n ìka ọwọ́, kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ó yé wa ìdí tí wọ́n fi le mọ́ orí. Òkè ni sikúrù àti èérún irin ti ń já bọ́. Bí ọ̀nà méjì bá wà, ìsàlẹ̀ ni èmi máa yàn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé Ìlú Ọba, abẹ́ pákó òrùlé tàbí ti yàrá òkè ni kébù ń gbà sọ̀kalẹ̀, orí àpótí ló sì kọjú sí wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni gland kan, ìyẹn ìdè tí a ń fi sí ẹnu ihò, fún kébù kan. Òun ló gba àkókò jù, òun náà ni mo fọwọ́ sí jù, torí pé ó di kébù mú, ó dí àlàfo, ó sì gba kébù lọ́wọ́ etí irin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kàn ṣọ́ra níbi rírà: gland olójú róbótó kì í dí kébù pẹlẹbẹ. Twin and earth 2.5mm² (ìwọ̀n bàbà inú rẹ̀) fẹ̀ tó bíi milimítà 10, ó sì nípọn tó bíi 6. Bí ẹ bá fi gland róbótó fún un, yóò fún un ní ikùn àti ẹ̀yìn, yóò sì fi àlàfo sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ béèrè èyí tí rọ́bà inú rẹ̀ ní ojú pẹlẹbẹ. Àwọn kan wà tí rọ́bà wọn lójú púpọ̀, tí kébù méjì tàbí mẹ́ta lè gba inú rẹ̀. Ìyẹn dára fún kébù iná gílóòbù.

Ọ̀nà kejì ni trunking, ìyẹn àpótí tóóró gígùn tí kébù ń gba inú rẹ̀, tó sọ̀kalẹ̀ wá sórí àpótí. Ó rọrùn, ó sì gba kébù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ihò àpótí kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ẹnu trunking lọ, etí irin gbọ́dọ̀ ní rọ́bà grommet yíká, trunking náà sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ àpótí pinpin kí 1 milimítà má ríbi gbà. Ẹ ṣírò ooru náà: kébù mẹ́jọ tó rọ̀ mọ́ra nínú trunking kan kì í lè gbé iye iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé bó bá dá wà.

Ẹ̀kẹta ni ojú ńlá ẹ̀yìn àpótí. Ojú àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kébù kankan kì í hàn síta. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti ń rí iṣẹ́ tó burú jù. Wọn á ṣí ojú gígùn kan, wọn á fi kébù mẹ́wàá gbà á, ìdajì rẹ̀ á sì ṣófo. Bí ògiri ẹ̀yìn bá jẹ́ pákó tàbí plasterboard, iná tó bá ṣẹ́ nínú àpótí ti rí ọ̀nà wọ inú ògiri nìyẹn. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn, ìwọ̀n tí kébù nílò nìkan ni kí ẹ ṣí. Kí ẹ sì fi ọ̀dà ìdíhò tó ń wú bí iná bá kàn án, intumescent, dí ìyókù. Fóòmù tí àwọn oníwíńdò fi ń dí àlàfo kò ṣe é lò níbẹ̀, ó ń jó.

Lílu ihò

Ẹ kó inú àpótí jáde pátápátá: bírékà, main switch, busbar tó ń pín iná fún àwọn bírékà, àti irin tí wọ́n jókòó lé. Èérún irin kékeré kan tó bọ́ sínú bírékà lè so láìfù mọ́ ara irin, ó sì lè jẹ́ oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ ti gba owó yín lọ. Bí àpótí bá ti wà lára ògiri tí a kò lè yọ inú rẹ̀, ẹ fi nǹkan bò ó dáadáa, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí fa èérún. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn bírékà gan-an ni yóò sá lọ.

Àpótí máa ń wá pẹ̀lú ojú tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sàmì sí, ìyẹn knockout, ti 20, 25 àti 32 milimítà. Ẹ kàn án láti ìta sínú tàbí láti inú síta ní ibi tó ti dì mọ́ra kékeré, ẹ fi pliers mú un, kí ẹ sì máa mì í títí yóò fi já. Bí ipò rẹ̀ kò bá bá ètò yín mu, step drill tàbí hole saw ló kàn. Ẹ fi ìṣó sàmì sí àárín, ẹ fi páálí tàbí pákó sẹ́yìn irin, kí ẹ sì máa lu ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ wọ gíláàsì ojú. Bí ihò bá ti là, ẹ fi fáìlì ha etí rẹ̀ nínú àti lóde títí tí ìka yóò fi lè yí i ká láìfà. Èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń fò jù.

Knockout tí a ṣí tí a kò lò gbọ́dọ̀ padà dí. Ẹ fi ìdérí onírin dí i, kì í ṣe tape.

Òrùka irin tó yí wáyà ká

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró lé díẹ̀, torí pé ike kò kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Iná tó ń gba láìfù lọ ń dá agbára òòfà sílẹ̀ yíká wáyà náà. Iná tó ń gba níútírà bọ̀ ń dá tirẹ̀ sílẹ̀, ní ìdojúkọ. Bí méjèèjì bá gba ojú ihò kan náà, agbára wọn á pa ara wọn rẹ́. Bí láìfù bá gba ihò kan, tí níútírà gba èkejì, òrùka irin tó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká á gba agbára òòfà náà mọ́ra. Iná kéékèèké á sì máa yí po nínú irin, irin á gbóná. Bí iná tó ń kọjá bá ṣe pọ̀ tó ni ooru náà ń pọ̀ sí. Fún iná gílóòbù kan, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Fún tails tó ń gbé 60 tàbí 80 ampere, awọ wáyà lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lẹ́nu ihò.

BS 7671 sọ ọ́ ní 521.5.1: láìfù, níútírà àti ẹ́ẹ̀tì sákíìtì kan (ọ̀nà iná tí bírékà kan ń ṣọ́) gbọ́dọ̀ jọ gba ojú kan náà wọ àpótí irin. Twin and earth ti yanjú èyí fúnra rẹ̀, torí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú kébù kan. Tails ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà. Wọ́n rí knockout 20 méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n fi láìfù gba ọ̀kan, wọ́n fi níútírà gba èkejì, ó sì dọ́gba lójú. Kò tọ̀nà rárá. Ihò 32 kan, pẹ̀lú gland tails tí rọ́bà rẹ̀ ní ojú méjì fún 25mm² àti ojú kan fún ẹ́ẹ̀tì 16mm², ni ó yẹ kí ẹ lò.

Bí ẹlòmíràn bá ti lu ihò méjì sílẹ̀, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi ayùn irin la ojú tóóró láti ihò kan dé èkejì, kí òrùka má baà pé yíká wáyà kankan. Lẹ́yìn náà ẹ fi ohun tí òòfà kì í fà tí kò sì lè jó dí ojú tóóró náà.

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn tó wà nílé náà. Àpótí changeover onírin tí à ń fi sáàárín NEPA àti jẹnẹrétọ̀, pàápàá ti three-phase, ọ̀pọ̀ ìgbà ni à ń rí red, yellow, blue àti black tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ihò tirẹ̀. Ooru ẹnu ihò yẹn kì í ṣe ti oòrùn. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ihò ńlá kan.

Tails àti ilé tó ń lo irin ilẹ̀

Tails ní awọ inú àti awọ òde. Ẹ má bó awọ òde kó tó wọ inú àpótí. Bí ó bá ti wọlé, ẹ fi clamp tàbí gland dì í mú gírígírí, kí ẹ sì fi clip di í mọ́ ògiri nítòsí, kó má baà jẹ́ pé ẹni tó bá gún un lára ní ìta, main switch ni yóò fà.

Èyí ṣe pàtàkì jù nínú ilé tó jẹ́ TT, ìyẹn ilé tí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ irin tí a rì mọ́lẹ̀, bó ṣe wọ́pọ̀ ní àwọn abúlé. Ká ní etí irin gé awọ láìfù tail, tí ó kan ara àpótí, ṣáájú RCD, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń já bí iná bá ń sá gba ilẹ̀. Ká ní irin ilẹ̀ náà jẹ́ 100 ohm. 230 volt tí a fi 100 pín kò ju 2.3 ampere lọ. Fíúsì 80 tàbí 100 ampere kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, RCD kò sì lè rí ohun tó wà ṣáájú rẹ̀. Àpótí yóò wà lára ògiri pẹ̀lú iná lára, yóò máa dúró de ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ká mítà. Nínú ilé TT, ojú ibi tí tails ti wọlé ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù.

Kíkó kébù wọlé àti títò ó

Ẹ de kébù mọ́ ògiri kó tó dé gland, kí gland má baà jẹ́ ohun tó gbé e rọ̀. Fún kébù 2.5mm², clip ní gbogbo milimítà 300 bí kébù bá dùbúlẹ̀, 400 bó bá dúró. Láti ìgbà BS 7671:2018, gbogbo kébù inú ilé gbọ́dọ̀ ní ohun ìdè tí kò ní tètè yọ́ bí iná bá ṣẹ́, nítorí pé kébù tó já bọ́ ti dí àwọn panápaná lọ́nà rí. Ẹ wá clip onírin mọ́ tiyín.

Ìtẹ̀kọrọ̀ náà ní ìwọ̀n. Kébù tí kò ju milimítà 10 lọ ní fífẹ̀, kí ìtẹ̀kọrọ̀ rẹ̀ má dín sí ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ rẹ̀. Láti 10 sí 25, ìlọ́po mẹ́rin. Kébù shower kì í tẹ̀ bọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un láti ìta.

Ẹ ti kébù gba gland títí awọ eérú yóò fi yọ nínú àpótí tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, kí ẹ tó dì í. Wáyà tí a ti bó awọ òde rẹ̀ kò gbọdọ̀ hàn ní ìta àpótí. Ẹ bó o nínú, pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́: ẹ fi pliers mú ẹ́ẹ̀tì lórí kébù, kí ẹ fà á sẹ́yìn kó la awọ náà bí zip. Ọ̀bẹ máa ń kan awọ inú láìjẹ́ kí a mọ̀. Ẹ wọ rọ́bà green-and-yellow fún ẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má gé wáyà kúrú. Ẹ jẹ́ kó gùn dé ojú ìdè tó jìnnà jù, kó sì kù díẹ̀, torí pé ẹnìkan lè fẹ́ pààrọ̀ bírékà lọ́jọ́ kan. Ẹ kó láìfù sí apá kan, níútírà sí òmíràn, ẹ́ẹ̀tì sí ibi tirẹ̀. Kí nọ́ńbà bírékà, nọ́ńbà níútírà àti nọ́ńbà ẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀kan náà: bírékà kẹta, níútírà kẹta, ẹ́ẹ̀tì kẹta. Ẹni tó bá ń wá àbùkù yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fi tie di wọ́n pọ̀, ẹ má fún un pa.

Sikúrù ojú ìdè ni ẹ fi torque síkúrúdíráfà dì, ní ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe bírékà náà kọ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tún padà di gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí ẹ ti tò wọ́n tán, nítorí títò yẹn máa ń tú àwọn kan.

Kí ẹ tó dé e

Ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì kékeré sínú àpótí, kí ẹ sì dé e. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ ni àlàfo wà. Ẹ mú wáyà milimítà 1, kí ẹ fi dán orí wò. Ẹ tún fi mítà wò ó pé ara àpótí àti ìdérí rẹ̀ so mọ́ ẹ́ẹ̀tì ní tòótọ́, nítorí ọ̀dà tí wọ́n kùn ún lè wà láàárín.

Àyẹ̀wò ìyókù ló kàn: ẹ́ẹ̀tì sákíìtì kọ̀ọ̀kan, awọ wáyà ní 500 volt DC tí kò gbọdọ̀ dín sí megohm 1, ìtòlẹ́sẹẹsẹ láìfù àti níútírà, Zs (ìdènà gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà yí ká bí láìfù bá kan ẹ́ẹ̀tì), àti àkókò tí RCD fi ń já. Ẹ kọ iye tí ẹ rí gan-an sínú Electrical Installation Certificate, ẹ kọ orúkọ sákíìtì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ìdérí àpótí ní lẹ́tà tí àgbàlagbà lè kà, kí ẹ sì fi ìwé náà lé onílé lọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.